Ààwẹ̀ Ìyá Mi àti Èérún Ìrẹsì Ọ̀fàdà

Ìyá mi kó wá sọ́dọ̀ wa ní Mowe lẹ́yìn tí òwò epo rẹ̀ wọlẹ̀ ní Ifọ̀. Epo pupa ló ń tà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Á ra kẹ́ẹ̀gì ńlá lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé epo wá láti oko, á sì máa wọ̀n ọ́n sínú ìgò fún àwọn ará àdúgbò. Òwò yìí ló fi tọ́ wa lẹ́yìn tí bàbá wa kú. Olè kò jà á, iná kò jó o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bó bá ta kẹ́ẹ̀gì kan tán, owó tó rí níbẹ̀ kì í tó ra òmíràn mọ́. Kẹ́ẹ̀gì ńlá di kékeré, kékeré di ìgò, nígbà tó sì yá, ó kàn ń jókòó ti ìgò mélòó kan lórí tábìlì bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ wọn. Ó sọ fún mi pé oníbàárà òun àtijọ́ kan ló wá ná ìgò kan lọ́jọ́ kan, tó sì sọ ọ́ sí òun lójú pé àwọn arúgbó bíi tòun ló ń fi ojúkòkòrò ba ìlú jẹ́.  Ìyá mi gbé tábìlì wọlé, kò sì gbé e jáde mọ́.

Yàrá kan àti pálọ̀ ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, àwa àti ọmọ mẹ́ta, nínú ilé tí ayálégbé pọ̀ sí. Aránṣọ ni mí. Ọkọ mi ń wa kẹ̀kẹ́ láti ibùdókọ̀ Mowe lọ sí ọ̀nà Ọ̀fàdà. Kẹ̀kẹ́ náà kì í ṣe tirẹ̀. Kó tó mú nǹkan wálé, ó gbọ́dọ̀ ti ra bẹntiróòlù, kó sì ti san iye tí wọ́n jọ ṣàdéhùn lé lórí fún ẹni tó ni ín. Ní tèmi, iṣẹ́ ti gbẹ lọ́wọ́ mi. Ẹni tó ń wá owó gàárì kò ráyè aṣọ. Àwọn tó máa ń gbé áńkárá tuntun wá tẹ́lẹ̀ wá ń gbé aṣọ àtijọ́ wá pé kí n bá àwọn tú u, kí n tún un rán fún ọmọ wọn.

Oúnjẹ ilé wa ń dínkù bí ọṣẹ ìfọṣọ, ìgbà tó bá kù díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni lèèyàn máa ń mọ̀. Ẹran ló kọ́kọ́ lọ. Pọ̀nmọ́ rọ́pò rẹ̀, títí tí mo fi ń gé pọ̀nmọ́ náà wẹ́wẹ́ bí ẹni ń rẹ́ ilá. Ẹyin di oúnjẹ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní oúnjẹ mẹ̀kúnnù, mo ń wò ó lórí àtẹ, mo ń kí ẹni tó ń tà á, mo ń kọjá lọ. Gàárì ló kù. Obìnrin tí mo sì ń ra gàárì lọ́wọ́ rẹ̀ ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí mo bá ti dúró níwájú rẹ̀, kí n tó lanu, á ní, "Ìyá, ẹ má bi mí o. Bí wọ́n ṣe tà á fún mi náà nìyẹn."

Ohun tó dùn mí jù nínú ilé yẹn kì í tilẹ̀ ṣe ebi. Ilẹ̀kùn ni. Nígbà tí a kọ́kọ́ kó débẹ̀, kò sí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn jẹun. Ẹni tó bá se ọbẹ̀ á bu díẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn, ẹni tó bá ń jẹun lójú ọ̀nà á ní kí ẹni tó ń kọjá wá bá òun jẹun. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọmọ tó mọ ilé tí òun ti jẹun yó. Nígbà tó yá, bí òórùn ọbẹ̀ bá ti ń jáde, ilẹ̀kùn á padé. Ẹ óò gbọ́ ṣíbí, ẹ kò ní rí ojú. Àwa náà ń ti tiwa. Mo kọ́ àwọn ọmọ mi pé bí wọ́n bá wà lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tí onítọ̀hún ń wá ìkòkò kiri, kí wọ́n dìde kí wọ́n máa bọ̀ nílé. Àbíkẹ́yìn mi bi mí pé ṣé a bá wọn jà ni. Mo ní rárá. Ó ní, kí ló wá dé. Mo ní kó lọ gbálẹ̀.

Inú ilé báyìí ni ìyá mi wọ̀. Ràmàdáànì sì dé láìpẹ́ lẹ́yìn náà.

Mo lè sọ ọ́ láìtijú pé oṣù Ràmàdáànì ló rọ̀ wá lọ́rùn jù lọ́dún náà. Ebi tí à ń fi pa mọ́ fún aládùúgbò tẹ́lẹ̀ wá di ìjọsìn. Gbogbo ẹni tó wà nínú ilé ń rìn bí ẹni tí okun ti tán nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń wo ẹnì kejì ní àwòfín. Ní mọ́sálásí, àwọn tó ṣì ní díẹ̀ lọ́wọ́ ń fi oúnjẹ ìṣínu ṣe sàárà, àwọn ọmọ mi á sì lọ jókòó síbẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun Màgíríbì. Ìyá mi ń jí wa sí sààrì. Òun ló ń se é. Mi ò wo ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ, nítorí oorun wà lójú mi, ó sì máa ń jókòó síbi tí iná ò dé.

A ṣe Ìtúnu. A se ìrẹsì, a fi adìẹ kékeré kan sí i, ọkọ mi fi kẹ̀kẹ́ gbé gbogbo wa lọ sí Yídì. Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi ní òun fẹ́ gba ààwẹ̀ mẹ́fà tó máa ń tẹ̀ lé Ràmàdáànì. Inú wa dùn sí i. Láádá ńlá ló wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń lè gbà á. Nígbà tó gbà á tán, ó ní òun fẹ́ máa gba ti ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Nígbà tó tún yá, ó ní òun rántí àwọn ààwẹ̀ tí òun jẹ nígbà tí òun ń bímọ, pé òun kò san wọ́n tán, pé ọjọ́ orí òun kò sì jẹ́ kí òun lè fi falẹ̀ mọ́. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ẹni Ọlọ́run. Obìnrin kan tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa máa ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀ pé, "Màmá, ẹ fi wá sádùúrà o." Ọkọ mi náà ń sọ fún àwọn tó ń wọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ pé àdúrà ìyá ìyàwó òun ló ń mú òun dé ilé láyọ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ fura, aṣọ ló sì jẹ́ kí n fura. Èmi ni mò ń rán aṣọ ìyá mi láti ìgbà tí mo ti parí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Mi ò nílò téèpù kí n tó mọ ara rẹ̀. Ó mú bùbá kan wá pé kí n bá òun fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé díẹ̀. Mo fún un wọlé. Kò pẹ́ tó tún mú un padà wá. Mo fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀ láti wò ó, egungun ni ọwọ́ mi bà. Mo ní, "Màámi, ẹ ti ń rù jù." Ó ní, "Àgbà ni. Ṣé o rò pé ara tí mo fi pọ̀n ẹ́ náà ni n óò máa gbé kiri ni?" Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa sáré wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò wọ bàtà. Ó ní, "Ẹ máa bọ̀, màmá ti ṣubú níbi omi ẹ̀rọ."

Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti gbé e jókòó lórí ike omi tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n ń fi ìbòrí rẹ̀ fẹ́ ẹ. Ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò dà bí ẹni tó ń rí wa. Wọ́n ti pe obìnrin tó ni kẹ́míìsì wá. Ó di apá rẹ̀ mú, ó wo ojú rẹ̀, ó sì bi mí pé, "Ìgbà wo ni màmá jẹun kẹ́yìn?"

Mo ní, "Ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà."

Ó ní, "Ààwẹ̀ wo? Ṣé Ràmàdáànì kò ti lọ ni?"

Ó po ṣúgà àti iyọ̀ díẹ̀ sínú omi, ó gbé e sí ìyá mi lẹ́nu. Ìyá mi pa ètè dé. Ó ní, pẹ̀lú ohùn tí kò ju ti ọmọ ọwọ́ lọ, pé oòrùn kò tíì wọ̀. Gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀ mí kanlẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ ń ṣe tèsúbáà. Mo bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, mo ní, "Màámi, ẹ mu ún." Ó wò mí. Ó wo àwọn èèyàn. Ó mu ún tán, ó sì na ife náà padà pé kí wọ́n tún po òmíràn fún òun.  Mi ò rí ẹni tó mu omi ṣúgà bẹ́ẹ̀ rí.

Mo dúró títí ó fi sùn jí. Nígbà tó jí, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹní rẹ̀.

"Màámi, ààwẹ̀ wo ni ẹ ń gbà?"

"Èyí tí mo jẹ nígbà tí mo lóyún rẹ."

"Ṣé ọdún gbọọrọ ni ẹ fi lóyún mi ni?"

 Ó ń fi ìka ká òwú tó yọ lẹ́nu ẹní. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀, láìwò mí.

"Mo máa ń wo ìkòkò kí o tó bù ú. Mo mọ iye ẹnu tó wà nínú ilé yìí. Bí mo bá jẹ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn kò ní yó. Bí mo bá sì ní n kò jẹ, ẹ ó máa bẹ̀ mí, ọkọ rẹ á máa rò pé òun ló ṣe nǹkan fún mi. Ẹni tó ń gbààwẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé tí kò jẹun."

 Mo ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Ọlọ́run ò fẹ́ irú ààwẹ̀ yẹn."

Ó ní, "Mo mọ̀. N kì í fi àníyàn ààwẹ̀ sọ́kàn kí n tó sùn mọ́. Láti ìgbà tí mẹ́fà yẹn ti parí ni n kò ti ṣe àníyàn. Ọlọ́run mọ̀ pé n kò gbààwẹ̀ kankan. Ẹ̀yin ni mò ń parọ́ fún, n kò parọ́ fún Un."

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ẹkún ìbínú ni. Mi ò rí ẹni tí mo lè bínú sí. Obìnrin elégàárì kọ́, òun náà ń rà á ni. Ọkọ mi kọ́. Bí mo bá ní ìjọba ni, ìjọba kò sí nínú yàrá náà kí n lè kọjú sí i. Ìyá mi nìkan ló wà níbẹ̀, òun ni mo sì pariwo mọ́, pé ṣé ó fẹ́ kí ayé sọ pé ebi ló pa á sọ́dọ̀ mi ni. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Má jẹ́ kí àwọn tó wà níta gbọ́."

Nígbà tí ọkọ mi dé, mo sọ fún un. Ó padà síta, ó lọ jókòó sínú kẹ̀kẹ́ láìtan án. Nígbà tó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá mi, pẹ̀lú eruku ọ̀nà Ọ̀fàdà lára rẹ̀.

"Màmá, ṣé mo ti fojú burúkú wo oúnjẹ yín rí ni?"

Ìyá mi ní, "Rárá o, ọmọ mi. Bó bá jẹ́ pé o burú ni, ǹ bá ti lọ. Dìde, ilẹ̀ tutù."

Láti ọjọ́ náà, mo fòfin de kí ẹnikẹ́ni dá jẹun. Abọ́ ńlá kan ni mo ń bu gbogbo rẹ̀ sí, a ó sì yí i ká. Mo rò pé mo gbọ́n. Ṣùgbọ́n ìyá mi mọ bí èèyàn ṣe ń jẹun láìjẹun. Òkèlè rẹ̀ kò ju orí àtàǹpàkò lọ, yóò sì jẹ ẹ́ lẹ́nu títí ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ tó ń sọ fún àwọn ọmọ yóò fi parí. Ìgbà tí abọ́ bá tán, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò gbẹ̀yìn kúrò níbẹ̀, èèyàn á sì rò pé òun ló jẹ jù.

Ara rẹ̀ le díẹ̀, ó sì ní kí ọkọ mi máa gbé òun lọ sí Ọ̀fàdà nígbà mìíràn. Ó ní obìnrin kan tó máa ń ra epo lọ́wọ́ òun ní Ifọ̀ ti kó lọ síbẹ̀, pé àwọn jọ máa ń tàkùrọ̀sọ. A gbà á gbọ́. Bó bá ń bọ̀, á mú èérún ìrẹsì wá nínú ọ̀rá, àwọn wẹ́wẹ́ tó kán nígbà tí ẹ̀rọ ń bó o. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ló fún òun. Mo máa ń sè é bí àsáró. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, nítorí ó ń yó wọn. Bó bá ṣe ń lọ sí i ni ìrẹsì náà ń pọ̀ sí i, mo sì ń ṣàdúrà fún ọ̀rẹ́ tí mi ò mọ̀ rí yìí.

Ọkùnrin kan tó wọ kẹ̀kẹ́ ọkọ mi ló sọ fún un pé òun rí ìyá ìyàwó rẹ̀ níbi ẹ̀rọ ìrẹsì. Mo gbéra, mo lọ wò ó fúnra mi.

Ẹ̀rọ náà wà lábẹ́ páànù. Ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn obìnrin jókòó sórí àpò tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, àgbà ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n ta gèlè mọ́ imú, wọ́n ń fẹ́ ìrẹsì lórí atẹ, wọ́n sì ń ṣa òkúta inú rẹ̀. Ìyàngbò bo ìpéǹpéjú wọn. Ìyá mi wà láàárín wọn. Ohun tó mú mi dúró ni pé ó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ nǹkan sí i létí, ó sì ń rẹ́rìn-ín tí atẹ fi ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Níwájú, ọkọ̀ jíìpù kan ti ṣí ẹ̀yìn, wọ́n ń to àpò ìrẹsì tó mọ́ tónítóní sí i. Ìrẹsì tí wọ́n ń fi orúkọ àdúgbò wa pè jákèjádò ìlú nìyẹn. Èrò Èkó ló ń jẹ ẹ́. Àwa tó ń gbé ìtòsí rẹ̀ ń jẹ èyí tó kán.

Ìyá mi rí mi. Kò yà á lẹ́nu. Mo ní, "Màámi, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ó ní, "N kò tíì ṣe tán."

"Ẹ̀yin tí ẹ ṣubú níbi omi ẹ̀rọ."

"Mo ṣubú nítorí n kò jẹun. Ní ibí yìí, ohun tí mo bá jẹ, mo ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀." Ó gbọn atẹ rẹ̀. "Padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ, kí oníbàárà má lọ bá ilẹ̀kùn ní títì."

Mo dúró síbẹ̀. Mo mọ̀ pé kò sí oníbàárà kankan tó ń bọ̀. Òun náà mọ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sún, ó sì na atẹ kan sí mi. Mo jókòó.

Bí èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èérún ni wọ́n fi ń san wá lówó iṣẹ́. Iṣẹ́ náà ń ta èèyàn lójú, ó sì ń mú ẹ̀yìn roni. Ìyàngbò a máa wọ ọ̀nà ọ̀fun, bí mo bá sì délé, mo máa ń wúkọ́ títí ọkọ mi á fi ní kí n pa iṣẹ́ náà tì. Ìkọ́ ìyá mi burú ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n a ń rí oúnjẹ jẹ, a kò sì parọ́ fúnra wa mọ́.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tí mo ti rán aṣọ ìsọmọlórúkọ fún rí wá ra ìrẹsì. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó tún wò mí. Mo tú gèlè kúrò nímú, mo kí i.

Ó ní, "Ẹ̀yin aránṣọ wa. Ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣa ìrẹsì níbí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Mo rò pé yóò bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣa èyí dáadáa. Èyí tí mo rà kọjá, òkúta inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ká eyín ọkọ mi." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí nǹkan ṣe wọ́n tó, pé àpò kan ni òun ń rà báyìí dípò méjì, pé kí a bá òun bẹ ọkùnrin tó ni ẹ̀rọ kó dín in kù. Kò sọ ọ́ láti fi bú wa. Ó jọ pé ó nílò ẹni tó máa bá òun kẹ́dùn. Ìyá mi ló dá a lóhùn. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, a ò ni ín. A kàn ń ṣa á ni." A sì ṣa á fún un, kò ní rí òkúta kan níbẹ̀.

Láìpẹ́ yìí ni ọkùnrin tó ni ẹ̀rọ pe gbogbo wa jọ. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń tijú. Ó ní èérún ti ń lówó lórí. Àwọn tó ń lọ̀ ọ́ ṣe túwó ń wá a, àwọn tó ń sin adìẹ ń wá a, àwọn ará ilé gbogbo tí kò lágbára odidi ìrẹsì mọ́ náà ń wá a. Òun kò lè máa fi san iṣẹ́ mọ́. Owó ni òun yóò máa fún wa.

 Obìnrin kan nínú wa ní ó dáa, pé owó náà ni gbogbo wa ń wá. Mo wo ìyá mi, ó ń gbọn ìyàngbò kúrò lára gèlè rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ san owó náà, ó gba tirẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ bá ọkùnrin náà níbi tó ti ń wọn ìrẹsì. Ó bi í pé èló ni kóńgò èérún. Ọkùnrin náà sọ fún un. Ìyá mi wo owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fún un ní gbogbo rẹ̀ padà. Ó ní kó wọn èyí tó bá tó fún òun. Ọkùnrin náà wọ̀n ọ́n. Kò tó ìdajì èérún tí ó máa ń fi san iṣẹ́ ẹnì kan tẹ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan bu díẹ̀ sí i lórí, bóyá nítorí ọjọ́ orí rẹ̀.

Ìyá mi so ẹnu ọ̀rá náà. Ó ní kí n pe ọkọ mi, kó má gbé èrò mìíràn kọjá wa.